Bí Mo Ṣe Ṣètò Kíláàsì Ìrànwọ́ fún Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ọdún Kìíní Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọdún kìíní ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ti máa ń sọ ìgboyà wọn nù. Kì í ṣe pé ọpọlọ wọn kò pé. Ohun tí wọ́n bá ní yunifásítì ló jìnnà sí ibi tí ilé ìwé girama fi wọ́n sí, kò sì sí ẹni tí yóò mú wọn la àárín méjèèjì kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń ṣe jẹun, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sì fi ṣe ibùgbé. Láti ọdún 1990 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní ìlú yìí, ilé tí kò ní akẹ́kọ̀ọ́ ayálégbé kò pọ̀ mọ́ ní apá ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń kàwé ní ibòmíràn máa ń wá sílé nígbà ìsinmi. Nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò ní kí n bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe kíláàsì ìrànwọ́, mo gbà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ètò ẹ̀kọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ kó jọ tí mo kà. Ọdún márùn-ún ni ẹni tí ó bá gba JAMB wọlé fi ń kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ní Nàìjíríà. Nínú ìlànà ètò ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní CCMAS, tí NUC, àjọ tí ó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà, gbé jáde ní ọdún 2022, ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ń ṣe ní ọdún kìíní: MTH 101 àti MTH 102 tí wọ́n jẹ́ ti ìṣirò, ẹ̀kọ́ físíìsì, ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì, GET 101 tí ó dá lórí ipò onímọ̀-ẹ̀rọ láwùjọ, àti GET 102 tí ó jẹ́ ti àwòrán yíyà. Yúnìtì kan péré ni GET 101, méjì sì ni GET 102. Ọmọ tí ó wọlé nítorí pé ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú kí afárá dúró lè lo odidi ọdún kan láìgbọ́ ohunkóhun nípa afárá. Mi ò sọ pé kí wọ́n dín ìṣirò kù, nítorí láìsí ìṣirò kò sí ìmọ̀-ẹ̀rọ. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa rí iṣẹ́ tí fọ́múlà ń ṣe ní àkókò kan náà tí ó ń kọ́ fọ́múlà ọ̀hún, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún méjì. Lórí ìgbàgbọ́ yìí ni mo gbé gbogbo ètò náà kà.

Kí n tó kọ́ wọn ní ohunkóhun, mo fún wọn ní ìdánwò kékeré kan, mo sì ṣèlérí fún wọn pé ẹnikẹ́ni kò ní rí máàkì ẹlòmíràn. Mi ò fi calculus, ìṣirò bí nǹkan ṣe ń yí padà, sí i rárá. Mo ní kí wọ́n yọ r jáde láti inú V = πr²h, kí wọ́n sọ kìlómítà 72 ní wákàtí kan di mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí wọ́n sì wá ibi tí orí àkàbà tí ó fara ti ògiri ga dé, bí a bá mọ gígùn àkàbà náà àti igun tí ó ṣe pẹ̀lú ilẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà hàn kedere nínú ìwé tí wọ́n kọ. Púpọ̀ nínú wọn lè sọ ọ̀rọ̀ calculus láìronú, pé 3x² ni derivative x³, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí r² láàárín π àti h, wọn kò mọ èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ gbé kúrò. Àwọn mìíràn sọ kìlómítà 72 di mítà 72,000, wọ́n sì dúró síbẹ̀, láìrántí pé wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 3,600, àti pé òun ni wọn yóò fi pín in kí ìdáhùn tó di 20. Olùkọ́ tí ó dúró níwájú èrò rẹpẹtẹ nínú gbọ̀ngàn kò lè rí nǹkan báyìí. Ohun tí ó mọ̀ ni pé gbogbo wọn ní krédíìtì nínú ìṣirò, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ṣe Further Mathematics ní girama yóò máa bá a bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò ní olùkọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan tí mo fi sí ìparí ìwé ìdánwò náà ló là mí lójú jù lọ: kí ni o máa ń ṣe bí ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó kò bá yé ọ? Ìdáhùn tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé àwọn máa ń dà á kọ, àwọn á sì lọ sílé lọ gbìyànjú rẹ̀ ní àwọn nìkan.

Nítorí ìdáhùn yìí ni mo ṣe pín wọn sí ẹgbẹ́ kéékèèké kí n tó ronú kan ohun tí n ó kọ́ wọn. Ní Yunifásítì California ní Berkeley, láàárín àwọn ọdún 1970, onímọ̀ ìṣirò kan, Uri Treisman, fara balẹ̀ wo bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń ṣe calculus ṣe ń kàwé. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń já kulẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi, ṣùgbọ́n àwọn nìkan ni wọ́n ń dá ṣe é, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe dáadáa máa ń jókòó pọ̀, wọ́n á sì máa yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Ó dá ẹgbẹ́ ìkàwé sílẹ̀, ó fún wọn ní ìbéèrè tí ó le dípò èyí tí ó rọrùn, èsì wọn sì gbé pẹ́ẹ́lí. Ibi ìbéèrè tí ó le yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe kíláàsì ìrànwọ́ kíyè sí. Bí a bá ń fún ọmọ ní ìbéèrè ìrọ̀rùn nítorí pé àánú rẹ̀ ń ṣe wá, à ń sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀ pé a kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ 300 level ni mo fi ṣe olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òfin kan ṣoṣo ni mo sì fún wọn: olórí ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì. Bí ẹnì kan bá há, kí olórí bi í pé, “Kí ni wọ́n fún wa? Kí ni wọ́n ń béèrè?” kí ó sì dákẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń jiyàn, wọn a sì wá kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdánwò. Àwọn òbí kan kọminú sí èyí, mo sì rán wọn létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa láìjẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì wọn bàjẹ́.

Ìgbà tí ètò ẹgbẹ́ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni mo tó mú wọn jáde. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Wright State bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan ní ọdún 2004, níbi tí àwọn olùkọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ fúnra wọn ti ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní ìṣirò, tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sì ń ti inú iṣẹ́ ẹ̀rọ wá. A kò ní yàrá ìwádìí irú tiwọn, ṣùgbọ́n a ní ilé iṣẹ́ gàárì. Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá tí ó ni ọ̀kan nítòsí wa, a sì lọ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀.

Nígbà tí wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì, àwọn ọmọ fi tépù wọn púlì méjèèjì, ìyẹn àwọn kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí. Ti ẹ́ńjìnnì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní ìbú, ti ẹ̀rọ tí ó ń rin pákí sì jẹ́ 25. Mo ní kí wọ́n ká a sí pé ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 2,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Níwọ̀n ìgbà tí bẹ́líìtì kan náà ló so méjèèjì pọ̀, eré tí ó ń sá lórí púlì kékeré ni yóò sá lórí púlì ńlá, nítorí náà ẹ̀rọ pákí yóò yí ní ìgbà 960, bẹ́líìtì náà yóò sì máa lọ ní nǹkan bíi mítà 12.6 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. v = ωr tí wọ́n ti dà kọ sínú ìwé físíìsì wọn ni wọ́n ń lò yìí: v ni eré bẹ́líìtì, ω ni eré ìyípo, r sì ni ìdajì ìbú púlì. Ọmọbìnrin kan nínú wọn wá bi ìyá náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé wọ́n ti pààrọ̀ púlì ẹ̀rọ pákí yìí rí?”

Ìyá dáhùn pé, “Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ rí, ọmọ mi. Ẹni tó ṣe é fi kékeré síbẹ̀, ó ní kí iṣẹ́ lè yá. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ tí a bá ti da pákí sí i báyìí, ẹ̀rọ á máa kérora, bẹ́líìtì á máa jó, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ilé. Ni mo bá ní kó dá tàtijọ́ padà.”

Orí bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ìwé wọn. Agbára tí ẹ́ńjìnnì lè mú wá kò yí padà, agbára yìí sì ni torque (ipá tí ó ń yí nǹkan) tí a bá fi eré ìyípo sọ ọ́ di púpọ̀. Bí eré bá lọ sókè, torque gbọ́dọ̀ wálẹ̀, ohun tí yóò sì fa pákí ya kò ní tó mọ́. Wọ́n kọ ọ́ jáde fúnra wọn, ìyá náà sì ń mi orí bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Kẹ́ẹ̀gì funfun tí a lè rí omi inú rẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀ calculus. A lu ihò sí i nísàlẹ̀, a rọ omi kún un, ẹnì kan ń wo aago, ẹnì kejì sì ń fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé bí àkókò tí a fi sí i bá ti pé. Àwọn àmì òkè jìnnà síra. Bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. Mo béèrè ohun tó fà á, wọ́n sì jiyàn títí wọ́n fi gbà pé omi tó wà lókè ihò ló ń ti omi jáde, àti pé bí ó ṣe ń dín kù ni ìtì náà ń dín kù. Nígbà tí mo wá kọ dh/dt, ìyẹn bí gíga omi ṣe ń yí padà bí àkókò ṣe ń lọ, sójú pátákó, wọ́n ti rí i kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Fún GET 102, ọṣẹ ìfọṣọ gígùn àti ọ̀bẹ ni a lò, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò di T-square, rúlà ayàwòrán tí ó rí bíi lẹ́tà T, mú rí kí wọ́n tó wọlé. Ẹgbẹ́ kan yóò gé ọṣẹ wọn bí ó ṣe wù wọ́n, wọn yóò yà á bí ó ṣe rí láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, wọn yóò sì fi àwòrán nìkan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kejì pé kí wọ́n gé tiwọn. Bí ọṣẹ méjèèjì kò bá bá ara wọn mu, àwòrán náà ní àléébù. Níbi tí ihò wà nínú ọṣẹ tí wọn kò sì fi ìlà gígé-gígé tọ́ka sí i, ẹgbẹ́ kejì gé tiwọn láìsí ihò, kò sì sí ẹni tí ó tún gbàgbé ìlà náà mọ́.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀, ìṣirò CGPA (àpapọ̀ èsì ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́) àti ibi tí a ti ń ra ìwé lówó pọ́ọ́kú, àwọn olórí ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, mo sì fi í sílẹ̀ fún wọn.

Ìlànà CCMAS fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti fi ohun tí ó bá àyíká rẹ̀ mu kún un. Mo ti fi àwọn ìbéèrè púlì àti kẹ́ẹ̀gì náà han àwọn olùkọ́ mélòó kan tí mo mọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti ń lò wọ́n nínú kíláàsì rẹ̀.

Ohun tí a ń ṣiṣẹ́ lé lórí báyìí ni ọ̀rọ̀ àwọn tí orúkọ wọn pẹ́ jáde, tí wọ́n ń wọlé nígbà tí ẹ̀kọ́ ti lọ jìnnà. A ti ṣe ìwé pélébé kan fún wọn, tí ìdánwò kékeré tó ṣáájú náà wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí ìbéèrè púlì sì tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba ẹnì kan nínú wọn mọ́ra. A kò ní kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ tiwọn, nítorí ẹgbẹ́ tí gbogbo ọmọ inú rẹ̀ pẹ́ dé kò ní ẹni tí yóò sọ fún èkejì ibi tí iṣẹ́ dé.