Nọ́ńbà oko lórí ilẹ̀ ẹbí: ohun tí ojú wa rí lẹ́yìn ìjì Helene

Koríko gbígbẹ tí mo rà fún àwọn ewúrẹ́ mi nígbà òtútù yẹn ṣì ń dùn mí. Ilẹ̀ tí wọn ì bá ti máa jẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a ò lè tún ọgbà wáyà rẹ̀ ṣe, nítorí ìwé.

Gúúsù Georgia, ní Amẹ́ríkà, ni à ń gbé, lórí ilẹ̀ bàbá àgbà ìyàwó mi. Ìjì Helene já wọ Florida lóru ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Igi pecan ńlá kan wó lé wáyà. Àwọn ewúrẹ́ kan dúró lórí ìtí rẹ̀, wọ́n ń já ewé jẹ. Àwọn yòókù ti bọ́ sí títì.

Ìjọba àpapọ̀ ní ètò tó lè san tó 75 nínú 100 owó àtúnṣe ọgbà, àmọ́ wọ́n sábà máa ń fẹ́ kọ́kọ́ wá wo ìbàjẹ́ náà. Aládùúgbò wa kan ti na wáyà tuntun kí wọ́n tó dé; owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ ò le.

Nọ́ńbà oko, ìyẹn nọ́ńbà tí ọ́fíìsì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní kaúńtì máa ń fún oko kọ̀ọ̀kan, ló di wàhálà. Bí o kò bá ní in, ọ́fíìsì kaúńtì ò ní dá ọ lóhùn, kí wọ́n sì tó fún ọ, wọ́n á béèrè ìwé ilẹ̀. Orúkọ bàbá àgbà ló wà lórí tiwa. Bàbá ti kú tipẹ́, wọn ò ṣe ìwé ìhágún, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì ti fọ́n ká dé Detroit àti Philadelphia. Ilẹ̀ ẹbí ni, bí irú èyí tí a mọ̀ nílé, àfi pé nílé, olórí ẹbí á dìde sọ̀rọ̀. Akọ̀wé ní ká lọ gba ìbuwọ́lùwé gbogbo ajogún pátá, tàbí ká yí ìwé sí orúkọ ìyàwó mi. Lọ́yà ní ìyẹn lè gba ọdún. A lọ, a bọ̀. Lónìí, ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà ní ìsinmi; lọ́la, rìsíìtì owó orí ilẹ̀ tí ìyàwó mi ń san lọ́dọọdún kò tó ẹ̀rí. Inú bí mi gan-an. Ìdílé tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ bọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú pàdánù tiwọn, ni wọ́n ń ṣe báyìí sí!

Obìnrin kan tó ń ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ ló fi òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2018 hàn wá. Bí àwọn tí ìpín wọn lápapọ̀ ju ìdajì ilẹ̀ lọ bá fọwọ́ sí àdéhùn pé lágbájá ni kó máa bójú tó o, lágbájá lè gba nọ́ńbà. Kò ní dandan kó jẹ́ gbogbo ajogún! Ẹ̀gbọ́n ìyá ìyàwó mi gba iṣẹ́ kíkó ìbuwọ́lùwé àwọn ẹbí jọ. "Ọmọ mi, fi wọ́n sílẹ̀ fún mi." Wọ́n pe àwọn ẹbí lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ló máa kọ̀ sí wọn lẹ́nu?

Mo tẹ òfin náà jáde, mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ibi tó kàn wá, mo gbé e ka iwájú akọ̀wé. Ó kà á, ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nọ́ńbà jáde. Orí mi wú!

Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko lórí ilẹ̀ ẹbí níbí, ẹ tètè ṣe àdéhùn yẹn kí ìjì mìíràn tó dé. Ẹ sì máa gba ìwé lọ́wọ́ ọ́fíìsì náà nígbàkígbà tí ẹ bá lọ, tó ń sọ ohun tí ẹ béèrè àti èsì tí wọ́n fọ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni lábẹ́ òfin.