Bí A Ṣe Ń Ran Àgbàlagbà Lọ́wọ́ Láti Máa Lo Oògùn Wọn Déédéé

Kí ẹ tó ra àpótí oògùn, kí ẹ sì tó fi aláàmù sí fóònù ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo oògùn tó wà nínú ilé jọ sórí tábìlì kan. Níbí gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìṣe: wọ́n á bi màmá bóyá wọ́n ti lo oògùn, màmá á ní àwọn ti lò ó, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹ wo abẹ́ ìrọ̀rí, ẹ wo báàgì tí wọ́n ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ sì ṣí agolo bisikíìtì tí òwú àti abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé àgbàlagbà kan lè gba oògùn nílé ìwòsàn ìjọba ní Àkúrẹ́, kí ó tún ra òmíràn ní kẹ́míìsì tó wà nítòsí Ọjà Ọba, kí ọmọ tó wà l'Ékòó sì tún fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Orúkọ ara páálí lè yàtọ̀ kí oògùn inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: Norvasc àti amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ ń lo ìlọ́po méjì, òòyì sì lè kọ́ ọ ṣubú. Orúkọ tí wọ́n fi lẹ́tà kéékèèké kọ sábẹ́ orúkọ ńlá ni kí ẹ máa kà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀, títí kan àgbo inú ìgò tí wọn kò fẹ́ kí dókítà gbọ́ sí, lọ bá apòògùn. Ẹ má ṣe dá èyíkéyìí dúró fúnra yín, nítorí àwọn oògùn ọkàn kan wà tí ewu ń bẹ nínú kí a dá wọn dúró lójijì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ orúkọ oògùn, iṣẹ́ rẹ̀ àti àsìkò rẹ̀ gàdàgbà sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, kí ẹ sì gbé e kọ́ síbi tí wọ́n ti ń jẹun. Oúnjẹ ni mo fi ń so oògùn mọ́ àsìkò, nítorí baba tó ń jáde lọ sóko kòkó ní ìdájí kò ní dúró de aláàmù aago mẹ́jọ. Oúnjẹ ni a fi ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ. Ẹni tí kò bá tíì jẹun kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan glibenclamide, tí òun náà jẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ. Òwúrọ̀ sì ni a ń lo oògùn tí ń múni tọ̀, kí wọ́n má baà máa táràrà nínú òkùnkùn lóru.

Bí àpótí oníyàrá méje bá wọ́n jù, ọ̀rá kéékèèké tí kẹ́míìsì ń fi di oògùn tó, bí ẹ bá kọ orúkọ ọjọ́ sí i lára. Ọjọ́ Sátidé, ní ojúmọmọ, ni a ń kún un. Ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé káàdì oògùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ẹni tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, nítorí àwọn kan ti gbé e mì tòun ti bébà rẹ̀. Bákan náà, oògùn tí wọ́n bá kọ "retard", "SR" tàbí "XR" sí lára, ìyẹn èyí tí ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, kì í ṣe èyí tí a ń lọ̀ sínú ẹ̀kọ.

Bí wọ́n bá gbàgbé lánàá, ẹ má fún wọn ní méjì lónìí.

Ẹ máa ka hóró tó kù kí ẹ tó kún àpótí. Bí ó bá ṣẹ́kù ju bó ti yẹ lọ, ẹ má bá wọn jà. Ẹ fi sùúrù béèrè bóyá ẹsẹ̀ wọn ń wú, bí amlodipine ti ń ṣe fún àwọn kan, tàbí bóyá ikọ́ gbẹrẹfu ti lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn. Dókítà lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n àfi kí ẹnìkan sọ fún un.