Bí mo ṣe fi thermostat aláìlówáyà sí yàrá mẹ́rinlélọ́gọ́rin ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Houston

Aago mẹ́ta òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ọmọkùnrin tó ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì ló ń pè. Ó ní àlejò yàrá 118 ti jáde wá bá òun tòun ti aṣọ ìsùn, òógùn bo ojú rẹ̀. Éèsì yàrá náà máa ń kú bó bá ti sùn wọra, bó bá sì dìde láti lọ wò ó, á tún bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́. Kí ọmọ náà tó parí ọ̀rọ̀ ni mo ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni mo fi thermostat tuntun, ìyẹn ohun tó ń sọ fún éèsì ìgbà tí yóò ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí yóò sinmi, sí yàrá yẹn.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni mò ń ṣe níbí ní Houston, Texas. Òtẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ yìí jẹ́ alájà mẹ́ta, yàrá 84 ló ní, yàrá kọ̀ọ̀kan ló sì ní éèsì tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. PTAC ni wọ́n ń pè é: àpótí onírin kan tó fẹ̀ ní ínṣì 42, tó ga ní ínṣì 16, tí wọ́n tì bọ inú ihò ògiri, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú síta. Ẹni tó bá ti rí éèsì ojú fèrèsé nílé yóò dá a mọ̀, àfi pé ti ibí máa ń mú yàrá gbóná pẹ̀lú. Lórí rẹ̀ ni bọ́tìnì tí àlejò ń tẹ̀ wà. Ohun tó ń dun ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì ni pé àlejò á tẹ̀ ẹ́ sí dígírì Fahrenheit 60 (nǹkan bí 16 ní Celsius), á bá tirẹ̀ lọ láti àárọ̀ di alẹ́, éèsì á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sí ibùsùn tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Owó iná oṣù kẹjọ ní Houston kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré.

Ìlànà kan wà tí wọ́n ń pè ní ASHRAE 90.1, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, òun ni ọ̀pọ̀ òfin ìkọ́lé ní Amẹ́ríkà gbára lé. Ẹ̀dà rẹ̀ ti ọdún 2016 sọ pé ní òtẹ́ẹ̀lì tí yàrá rẹ̀ bá ju 50 lọ, bí gbogbo èèyàn bá ti jáde nínú yàrá, láàárín ìṣẹ́jú 30 ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ dẹwọ́ ní dígírì Fahrenheit 4, ó kéré tán: kó jẹ́ kí yàrá gbóná díẹ̀ sí i nígbà ooru, kó sì jẹ́ kó tutù díẹ̀ sí i nígbà òtútù. Ilé tuntun ló kàn jù. Tiwa ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ ìwọ̀n yẹn ni mo mú, torí mo rí i pé ó mọ níwọ̀n.

Ohun tó wà fún yàrá kan kò pọ̀. Àkọ́kọ́ ni thermostat tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri. Bátìrì ló ń lò, ojú kékeré kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹni tó bá mira nínú yàrá. Ìkejì ni àpótí pẹlẹbẹ tó ń wọ inú PTAC, tó ń gba ọ̀rọ̀ thermostat lójú afẹ́fẹ́. Agbọ́rọ̀ ni mo sọ ọ́, orúkọ yẹn náà ni àwọn ọmọ iṣẹ́ wá ń pè é. Ìkẹta ni aṣọ́nà, ìyẹn ohun kékeré méjì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn àti férémù rẹ̀. Òòfà wà nínú ọ̀kan, èkejì ló ń mọ̀ bóyá òòfà ṣì sún mọ́ òun.

Mo máa ń kọ́kọ́ yọ plọ́ọ̀gì. Iná 230 volt ló ń wọ PTAC wọ̀nyí, kapásítọ̀ inú wọn, tó máa ń tọ́jú iná pamọ́, sì lè gbá èèyàn lẹ́yìn tí a ti yọ iná, nítorí náà mi ò kì í kánjú kì ọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí mo bá ti ṣí ìdérí iwájú, mo máa ń wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára bọ́ọ̀dù. R ni iná 24 volt ti ń jáde, C ni ọ̀nà tó ń gbà padà. Y ń pe kọ̀mpúrẹ́sọ̀, W ń pe ooru, GL ni fáànù jẹ́ẹ́jẹ́, GH ni fáànù líle. Èyí tí mo máa ń kìlọ̀ jù fún ọmọ iṣẹ́ ni R àti C: wáyà méjèèjì kò gbọdọ̀ fara kanra. Bí wọ́n bá kanra, tíráńsífọ́mà kékeré inú rẹ̀ lè jóná lójú ẹsẹ̀. Lára yàrá tó wà ní àjà kẹta, PTAC tó ń yí gáàsì padà láti fi mú yàrá gbóná ni wọ́n rà, wọ̀nyẹn ní lẹ́tà B pẹ̀lú. Bí èèyàn ò bá sọ fún thermostat pé irú ẹ̀rọ báyìí ló ń bá ṣiṣẹ́, àlejò á béèrè fún òtútù, ooru ni yóò gbà.

Wáyà nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ sọ fún PTAC fúnra rẹ̀ pé ògiri ni àṣẹ á máa ti wá báyìí. Lára àwọn tó ti pẹ́, súwíìṣì kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù fún un. Lára àwọn tuntun, bọ́tìnì ni a ó tẹ̀ pọ̀ títí ojú rẹ̀ yóò fi yí padà. Tí iná bá sì ti padà dé, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé kò ṣiṣẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kọjá, torí ẹ̀rọ náà máa ń dá kọ̀mpúrẹ́sọ̀ dúró kí ó má baà tètè bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tó tú gbogbo wáyà padà nítorí ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí.

Lẹ́yìn náà ni ká mú thermostat àti agbọ́rọ̀ mọ ara wọn. Wọ́n á tẹ bọ́tìnì lára agbọ́rọ̀, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, wọ́n á tẹ tara thermostat, iná á dúró. Níbi tó rọrùn yìí ni mo ti ṣìṣe ní àjà kejì. Mo fẹ́ kí iṣẹ́ yá, mo tanná sí agbọ́rọ̀ yàrá mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ni thermostat yàrá 214 bá lọ mọ agbọ́rọ̀ 216. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹni tó wà ní 214 ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ṣáá torí ooru, ìdílé tó wà ní 216 sì ń wá bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Láti ọjọ́ náà, yàrá kan ṣoṣo ni mo ń tanná sí. Iná á dúró, màá gbé thermostat sí ooru, màá fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibi tí atẹ́gùn ti ń jáde kí n tó kọ nọ́ńbà yàrá sára téèpù, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àpótí méjèèjì.

Gbogbo wọn tún ń ròyìn fún àpótí kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àjà kọ̀ọ̀kan, Zigbee ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ojú afẹ́fẹ́ 2.4 GHz tí Wi-Fi ń lò ni òun náà ń lò. Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì wà ní ojú ọ̀nà 1, 6 àti 11, mo wá fi Zigbee sí 25 kí wọ́n má baà máa ya lu ara wọn. Agbọ́rọ̀ tó wà nínú PTAC ló ń gba ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ tó ń tì í síwájú. Thermostat kì í ṣe é, ó ń ṣọ́ bátìrì rẹ̀ lò. Ìdí nìyí tí yàrá mẹ́rin ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi sọnù lójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kan: ẹnì kan ló yọ plọ́ọ̀gì PTAC àárín láti fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ n padà sí 118. Ojú tó wà lára thermostat, ara gbígbóná tó bá mira nìkan ló ń rí. Ẹni tó bá sùn sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, tí kò yíra padà fún 20 ìṣẹ́jú, bákan náà ni òun àti yàrá òfìfo rí lójú rẹ̀. Aṣọ́nà ni wọ́n ṣe fún èyí, àmọ́ tiwa kò tètè dé, èmi sì rò pé ojú nìkan lè gbé e títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Èèyàn san owó oorun, a sì jí i. Ní òru yẹn mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo pa ìdẹwọ́ ní gbogbo yàrá 27 tí mo ti parí, mo sì dúró de aṣọ́nà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ dára lójú mi. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí tó sì padé, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí wò. Bó bá rí ẹni tó mira lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti padé, ó ti dá a lójú pé èèyàn wà nínú ilé, kò sì ní ka ìṣẹ́jú mọ́ títí ilẹ̀kùn yóò tún fi ṣí. Ẹni tó wà nínú lè sùn bí òkúta. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni fún 20 ìṣẹ́jú, á dẹwọ́.

Ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì jẹ́ èyí tí kì í jẹ́ kí iná ràn bí ilé bá ń jó, mi ò lè fi dírílì lu ú. Mo fi sípírítì nù ún gbẹ, mo fi téèpù lílágbára lẹ̀ ẹ́. Irin ilẹ̀kùn máa ń gba agbára òòfà, nítorí náà mo fi rọ́bà pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì ju ìdajì ínṣì lọ.

Lára àwọn tó ń tún yàrá ṣe, ìyá kan wà tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú. Wọ́n dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rọ rẹ yìí fẹ́ pa wá."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣe?"

"Bí a bá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ láti ṣiṣẹ́, ó ń kú. Nínú ooru yìí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ètò kan wà tó ń pa éèsì bí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Ilẹ̀kùn tó jáde sí báńkóònì ni wọ́n ṣe é fún, èmi ò sì yọ ọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mo yọ ọ́ ní gbogbo yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ibi tí thermostat ń gbé náà gba àròjinlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí ibùsùn, kí oòrùn má ta sí i, kí atẹ́gùn PTAC má fẹ́ lù ú, kó má sì sún mọ́ iná ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ní yàrá márùn-ún tó wà fún àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, òfin ADA, ìyẹn òfin Amẹ́ríkà lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, ní kí ohun tí wọ́n á tẹ̀ má ga ju ínṣì 48 lọ láti ilẹ̀. Mo wá fi gbogbo yàrá sí ìwọ̀n kan náà. Ọmọdé àti àgbàlagbà á lè dé ibẹ̀.

Mo jẹ́ kí àlejò máa rìn láàárín dígírì 65 sí 78. Yàrá tí ẹnikẹ́ni ò gbà, 78 ni mo fi sí, mi ò sì gbé e ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rinrin Houston kì í ṣe kékeré: bí éèsì bá sinmi jù, ara ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí bu, kápẹ́ẹ̀tì á máa rùn. Fáànù pẹ̀lú, kìkì ìgbà tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni mo jẹ́ kó máa fẹ́. Bó bá ń fẹ́ láìdúró, omi tó ti gbá mọ́ irin inú éèsì á tún padà sínú yàrá. Ní ìgbà òtútù, mi ò jẹ́ kí yàrá òfìfo lọ sábẹ́ 60. Ẹni tó bá wà ní Texas ní oṣù kejì ọdún 2021, tó rí bí páìpù omi ṣe ń bẹ́ láti ilé dé ilé, kò ní bá mi jiyàn.

Ọ̀sán ọjọ́ tí aṣọ́nà dé, 118 ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo lẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀kùn, mo rìn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, mo dùbúlẹ̀, mi ò sì mira fún ìṣẹ́jú 45. Éèsì ń fẹ́, 70 ló wà lójú thermostat látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo jáde, mo tilẹ̀kùn, mo dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mo ń wo kọ̀ǹpútà. Nígbà tí 20 ìṣẹ́jú pé, 70 di 74. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo kọjá sí 120.