Bí o ṣe lè ya Màmá Ransome-Kuti sára àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Tí wọ́n bá ní kí ọmọ iléèwé ya Màmá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, mọ́tò ni wọ́n sáàbà máa ń yà, Màmá á wá jókòó sídìí síárì. Ó ti sú àwa tí à ń rẹ aṣọ láró ní Òṣogbo níbí. Mọ́tò kọ́ ló mú kí Aláké sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1949. Ọ̀rọ̀ owó orí ni, àwọn obìnrin ọjà ló sì dìde sí i, Màmá ló ṣáájú wọn. Ìyẹn ni kí o fi ẹ̀kọ yà sára aṣọ kí o tó rẹ ẹ́ láró, ọmọ mi.

Kọ́kọ́ wá àdìrẹ Ọlọ́ba wò. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, àwọn aláró ya òun àti ayaba sáàárín aṣọ, wọ́n fi ẹyẹ àti ẹranko yí wọn ká. Ètò yẹn náà ni kí o lò, àmọ́ yọ ọba kúrò, kí o gbé Màmá síbẹ̀. Kí n má purọ́, ó ń dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Ọ̀pá kan aṣọ òwú funfun ti tó. Fọ sítáàṣì inú rẹ̀ dànù, kí o sá a gbẹ. Fi pẹ́ńsù pín etí rẹ̀ sí àpótí àpótí. Ya síléètì àti ṣọ́ọ̀kì sínú ọ̀kan, torí Màmá kọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà ní ìwé kíkà. Ya ẹnu ọ̀nà ààfin Aké, níbi tí wọ́n ti rọ́ dé ní 1947 tí wọ́n ń kọrin. Ya abọ́ oúnjẹ: nígbà tí ọlọ́pàá kò gbà kí wọ́n wọ́de, píkíníìkì ni wọ́n ní àwọn ń lọ! Ya ọmọbìnrin kan tó di rìsíìtì owó orí mú, torí láti ọmọ ọdún 15 ni wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin nígbà náà.

Ní ti ẹ̀kọ, láfún tí a sẹ́ dáadáa àti álọ́ọ̀mù ni. O máa rí méjèèjì rà ní Ọjà Ọba. Po wọ́n mọ́ omi tútù, gbé e kaná, máa rò ó títí yóò fi ki. Fi ìyẹ́ adìẹ fà á lára àkísà wò: tí ìlà bá ń tàn, dá a padà síná.

Ibi tí ẹ̀kọ bá wà ni kò ní gba aró. Nítorí náà má ṣe kun gbogbo ojú Màmá. Ìlà ojú, imú, ẹnu àti gíláàsì nìkan ni kí o fà, kí aró di àwọ̀ ara wọn. Gèlè ni kí o ti ṣe fújà, kí o fi ọnà kún un bámúbámú. Má dé wọn ní fìlà òyìnbó o. Ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀ kí ara àwọn ọlọ́jà lè balẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Orúkọ wọn ńkọ́? Ẹyọ ìgbálẹ̀ ni kí o fi sàmì sí i, Fúnmiláyọ̀ láìlámì kò wọ̀ mí lójú.

Ẹ̀kọ ara aṣọ gbọ́dọ̀ gbẹ nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà, rọra tẹ aṣọ náà sínú aró, má ṣe ká a, má fún un. Aṣọ á jáde ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ á sọ ọ́ di aró lójú rẹ. Tún un tẹ̀ títí yóò fi dúdú tó bí o ṣe fẹ́. Nígbà tó bá gbẹ, fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ẹ̀kọ kúrò, ṣan án, kí o sì ṣẹ́ etí rẹ̀ kí o tó gbé e lọ síléèwé.