Bí Mo Ṣe Fi Fíláàṣì Ya Fọ́tò Màmá Àgbà Nínú Páálọ̀

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, pé ẹni 70 ọdún, èmi ni wọ́n ní kí n ya fọ́tò tí a ó gbé kọ́ sára ògiri. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó wé gèlè tán, nítorí náà mo fi fíláàṣì sórí kámẹ́rà, mo kọ ojú rẹ̀ sí wọn tààrà, mo sì yà á. Nígbà tí mo fi hàn wọ́n, wọ́n ní: "Àkànní, ta ló fi òróró pa mí níwájú orí báyìí?" Òótọ́ ni wọ́n sọ. Iwájú orí wọn funfun yòò, iyùn ọrùn wọn dà pọ̀ di pupa kan ṣoṣo tí ojú kò lè ka ẹyọ rẹ̀, òjìji gèlè sì lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn wọn.

Kì í ṣe agbára fíláàṣì ló ba fọ́tò náà jẹ́, bí kò ṣe pé ojú rẹ̀ kéré. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ojú kékeré jáde a máa le, òjìji rẹ̀ a sì mú bí ẹnu ọ̀bẹ. Àjà páálọ̀ náà funfun, kò sì ga, mo bá yí orí fíláàṣì sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè kọ́kọ́ lu àjà kó tó sọ̀ kalẹ̀ sára wọn, tí àjà fúnra rẹ̀ fi di fìtílà ńlá. (Bí wọ́n bá kun àjà ní àwọ̀ ewé, n kò ní dán an wò, nítorí àwọ̀ náà yóò hàn lójú ènìyàn.)

Nọ́ńbà agbára fíláàṣì mi jẹ́ 36 ní ISO 100 (ISO ni ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó); bí a bá fi iye mítà tó wà láàárín wa pín in, a ó mọ bí a ó ti ṣí ojú lẹ́ńsì tó. Mítà 3 ni mo fi jìnnà sí wọn, èyí tó fún wa ní f/12. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tó gba àjà ti rìn jìnnà, àjà sì ti mu nínú rẹ̀, nítorí náà mo lo ISO 400 àti f/5.6, nítorí bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó.

Níbí ni mo ti ṣàṣìṣe. Kí ìmọ́lẹ̀ pupa ti gílóòbù má baà wọ fọ́tò, mo sáré gbé ìyára kámẹ́rà lọ sí 1/500 (ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá), apá kan fọ́tò sì ṣókùnkùn bí ẹni ta aṣọ dúdú bò ó. Ìkélé méjì ló wà nínú kámẹ́rà mi: ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tẹ̀ lé e láti pa á dé. Tí ìyára bá ti kọjá 1/200, èkejì ti gbéra kí àkọ́kọ́ tó ṣí tán, fíláàṣì tí kì í pẹ́ tó ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá yóò sì bá àlàfo tóóró pàdé. Mo dá a padà sí 1/200.

Ìmọ́lẹ̀ láti òkè jẹ́ kí ihò ojú wọn ṣú díẹ̀, ni mo bá fi rọ́bà so páálí funfun kékeré mọ́ ẹ̀yìn orí fíláàṣì, kí díẹ̀ lára ìmọ́lẹ̀ lè ta síwájú. Mo dúró títí iná ara rẹ̀ fi tàn pé ó ti kó agbára jọ, mo sì tẹ̀ ẹ́.

Màmá Àgbà gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi ìka tọ iyùn náà lẹ́yọ lẹ́yọ lójú gíláàsì, wọ́n dúró lórí ọ̀kan, wọ́n ní: "Èyí ni ìyá mi fún mi."