Bí Ẹ Ṣe Lè Wọn Jíjìnnà Supernova Tí Gálásì Tẹ Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀

Àwọn supernova Ia, irú ìràwọ̀ kan tó bú gbàmù, fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń tàn bákan náà. Nǹkan bí -19.3 ni magnitude wọn gan-an (òǹkà tó ń sọ bí nǹkan ṣe mọ́lẹ̀ tó; bó bá ṣe kéré sí ni ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ sí). Ẹni tó dúró ní Ọlá-Ìyá lálẹ́ mọ̀ pé ọ̀kadà tí iná rẹ̀ ṣì ń ṣe bàìbàì kò tíì dé tòsí. Báyìí náà la ṣe ń mọ jíjìnnà supernova. Àmọ́ agbára òòfà (gravity) àwọn gálásì, ìyẹn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, tó wà lójú ọ̀nà ń tẹ ìmọ́lẹ̀ náà, ohun tí wọ́n ń pè ní lensing. Bó bá sọ ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po 4, ìdajì jíjìnnà tòótọ́ ni ìṣirò yín máa gbé jáde.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Baálẹ̀, ẹ kò nílò awò awọ̀nàjíjìn. Ẹ gba fáìlì Pantheon+, àkójọ ìwọ̀n àwọn supernova Ia, sórí kọ̀ǹpútà kí iná tó lọ. Ìlà 1701 ló ní, fún supernova 1550. Àlàfo ló pín òpó kan sí èkejì, kì í ṣe kọ́mà. Bí ẹ kò bá sọ ìyẹn fún Excel, gbogbo rẹ̀ á kó sínú òpó kan. zHD ni redshift, z, ìyẹn bí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ṣe nà tó bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀. m_b_corr ni magnitude tí a rí láti ayé, tí wọ́n ti tún ṣe. Ẹ fi 19.3 kún un, ìyẹn ni μ, òǹkà tí ẹ máa fi rí jíjìnnà. Jíjìnnà ní Mpc (megaparsec, ìwọ̀n jíjìnnà ojú ọ̀run) ni 10^((μ-25)/5).

Àṣìṣe tí lensing ń fà tó magnitude 0.055 × z. Ní z = 0.05, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ní z = 1, ó tó ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún jíjìnnà. Bí àṣìṣe supernova fúnra rẹ̀ bá jẹ́ 0.10, ẹ sọ méjèèjì di ìlọ́po ara wọn, ẹ rò wọ́n pọ̀, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀ (square root): 0.114. Ṣùgbọ́n Pantheon+ ti fi ti lensing sínú àṣìṣe tó kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ má kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù ni yíyọ àwọn tó mọ́lẹ̀ jù dànù. Agbára òòfà kì í dá ìmọ́lẹ̀ tuntun: ohun tó gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ló ń kó fún ìwọ̀nba. Bí ìwọ̀nba yẹn bá lọ, àwọn tó ṣú ló kù, gbogbo jíjìnnà yín á sì gùn ju òótọ́ lọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ yọ μ tí àwòṣe bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ sọ fún z kọ̀ọ̀kan kúrò nínú μ tiyín, ẹ sọ ìyókù, Δ, di ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú 10^(-0.4Δ), kí ẹ tó gba ìpíndọ́gba. Ìpíndọ́gba magnitude nìkan kò tọ̀nà, nítorí lógárídímù ni.

Èyí tó bá fọ́ sí àwòrán púpọ̀, bíi iPTF16geu ti 2016 tó ní àwòrán 4, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ju ìlọ́po 50 lọ, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Àkókò tó wà láàárín àwòrán kan sí èkejì ni irú rẹ̀ fi ń wúlò: àwọn àwòrán supernova Refsdal fara hàn ní 2014, àwòrán rẹ̀ míì dé ní December 2015, ìdádúró yẹn sì ni wọ́n fi ṣírò bí àgbáálá ayé ṣe ń fẹ̀ sí.