Ẹ Má Fi Èdè Ṣọ́ọ̀ṣì Kéde Òkú Mùsùlùmí

Ìkéde rédíò ni mo ń kọ jẹun, ìkéde òkú ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lọ́dún kan, ọmọkùnrin kan mú ìwé wá láti kéde ikú bàbá rẹ̀, Alhaji tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Mo mú ìkéde àná, mo yọ orúkọ tó wà níbẹ̀, mo fi tuntun rọ́pò. Ni atọ́kùn wa bá kà á sórí afẹ́fẹ́ pé Alhaji "sùn nínú Olúwa", àìsùn yóò wáyé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìsìn ìdúpẹ́ yóò tẹ̀lé e lọ́jọ́ Àìkú. Orin tí wọ́n fi sí i kò tíì parí tí fóònù fi dún. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló sọ bàbá wa di ọmọ ìjọ?" Bàbá tí wọ́n ti sin láti ọ̀sán àná!

Nínú gbogbo àṣìṣe tí à ń ṣe nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn, òun ni mo fi ṣáájú torí pé òun ni mo ṣì ń rí jù, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ ìkéde àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń di gbohùngbohùn mú lóde. Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́ de àríyá. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi aṣọ funfun dì í, wọ́n á kírun sí i lára, wọ́n á sì sin ín, lọ́jọ́ tó kú tàbí lọ́jọ́ kejì bó bá ṣeé ṣe. Ibo ni àìsùn fẹ́ gbà wọlé síbẹ̀? Ìrun òkú náà gan-an, ẹ má kọ ọ́ pé wọ́n forí kanlẹ̀. Kò sí rúkúù, ìyẹn ìtẹ̀ríba, nínú rẹ̀, kò sí ìforíkanlẹ̀. Òòró ni wọ́n dúró, wọ́n á ké "Allāhu Akbar" lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n á sálámà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí wa máa ń ṣe fídáù, àdúrà fún òkú, ní ọjọ́ kẹjọ. Ọ̀fìn wà níbẹ̀ náà o. Àwọn Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n ka fídáù sí àdádáálẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìkéde wọn láìbéèrè, ìjà tuntun lẹ rà yẹn.

Kí n má tíì kúrò lórí Alhaji. Ẹni tó ṣe Ùmúrà nìkan, ìrìn-àjò kékeré sí Mẹ́kà, kò tíì ṣe Hájì tó ń sọni di Alhaji. Kò sí oṣù tí èèyàn kò lè ṣe Ùmúrà, ṣùgbọ́n oṣù Dhul-Hijja ni Hájì, ọjọ́ kẹsàn-án rẹ̀ sì ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dúró ní Arafa, lẹ́yìn ìlú Mẹ́kà. Lọ́jà tiwa ṣá, obìnrin tó bá ti fi eyín Mẹ́kà sẹ́nu, tó da ìborùn borí, Alhaja ni. Ẹ kí i bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ rí ọjà rà, àmọ́ ẹ wádìí kẹ́ ẹ tó fi sínú ìròyìn.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ńkọ́? Lọ́dún 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ àwọn onígbàgbọ́ ṣáájú Àjíǹde, sì wọlé lọ́jọ́ 5. Ni ọ̀gbẹ́ni kan bá ń sọ lórí afẹ́fẹ́ pé àwọn onígbàgbọ́ náà ti gbé "Ramadan tiwọn". Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ Ramadan kò gbọdọ̀ mu omi láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀, fún ọjọ́ 29 tàbí 30 bí òṣùpá bá ṣe yọ. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n ń pe Lẹ́ńtì, ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á lórí kàlẹ́ńdà láti Ọjọ́rú Eérú títí dé ọjọ́ tó ṣáájú Àjíǹde, 46 lẹ máa bá, torí wọn kì í ka Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àárín rẹ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́ Ìsinmi! Àìkú làwa ń pè bẹ́ẹ̀. Tí ìròyìn bá wá láti Jerúsálẹ́mù pé ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kì í ṣiṣẹ́ ní Sábáàtì, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ sí Àìkú. Sábáàtì àwọn Júù wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ó jáde ní alẹ́ Àbámẹ́ta.

Ti Àgùdà kò pọ̀. Fádà ni wọ́n ń pe tiwọn. Kò ní ìyàwó tẹ́ ẹ ó máa kí ní "Màmá Ìjọ". Ọdún tí wọ́n ń ṣe ní 8 oṣù Kejìlá fún Oyún Àìlábàwọ́n kì í ṣe fún oyún Jésù, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Oyún Màríà fúnra rẹ̀ ni, nínú ìyá tirẹ̀: ẹ̀kọ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ àbímọ́ni kò kàn án láti inú oyún. Póòpù Pius Kẹsàn-án ló kéde rẹ̀ ní 1854. Ẹ ka oṣù mẹ́sàn-án láti ọjọ́ náà, 8 oṣù Kẹsàn-án lẹ máa bá, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe ọdún ìbí Màríà.

Láwàní náà ń tanni jẹ. Ní 15 oṣù Kẹsàn-án 2001, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìkọlù New York, ọkùnrin kan yìnbọn pa Balbir Singh Sodhi níwájú ilé epo rẹ̀ ní Mesa, Arizona. Ó rí láwàní àti irùngbọ̀n, ó ní ọ̀tá lòun rí. Sikh ni Sodhi. Ilẹ̀ Punjab ni ẹ̀sìn wọn ti ṣẹ̀, lọ́dọ̀ Guru Nanak. Wọn kì í ṣe Mùsùlùmí, wọn kì í sì í ṣe Hindu. Èyí tí wọ́n bá fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó pè é ní àáfáà.

Èyí tó le jù, ilé wa ló ti jáde. Nígbà tí Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, orúkọ Èṣù ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Àwọn àáfáà náà ń fi pe Ṣàítánì nínú wàásù. Ọlọ́pàá mú olè lónìí, olè ní iṣẹ́ èṣù ni, akọ̀ròyìn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ lọ bá oníṣẹ̀ṣe. Èṣù tí wọ́n mọ̀ kò bá Olódùmarè jà rí. Òun ló ń gbé ẹbọ dé ibi tí ẹbọ ń lọ, òun ló ni oríta. Epo pupa ni wọ́n ń ta sí yangí, òkúta tí wọ́n fi ń bọ ọ́. Àdí lèèwọ̀ rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ kọ ìròyìn ọdún Ìṣẹ̀ṣe ní 20 oṣù Kẹjọ, ẹ má kọ ọ́ pé wọ́n bọ Sátánì, ẹ má sì pè wọ́n ní kèfèrí. Orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn ti tó. Bí ẹ bá sì bá wọn dé Cuba, ẹ ó rí i ní 4 oṣù Kejìlá tí wọ́n ń lùlù fún Ṣàngó níwájú ère Santa Bárbara, obìnrin tó mú idà dání. Ìgbà ẹrú ni wọ́n ti so òrìṣà wa pọ̀ mọ́ àwọn ẹni mímọ́ Àgùdà. Akọ̀wé kan tí kò béèrè kọ ọ́ pé obìnrin ni Ṣàngó lọ́hùn-ún. Ọkùnrin ni o, lọ́hùn-ún náà.

Ìbéèrè méjì ni mo ń bi oníkèéde báyìí kí n tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà: ẹ̀sìn wo ni olóògbé ṣe, kí lẹ sì ń pe ètò yìí nílé yín? Oṣù tó kọjá, ọmọ ìyá méjì jọ wọlé. Díákónì ni ẹ̀gbọ́n, àbúrò jẹ́ Alhaja, èyí tó dé Arafa. Mo béèrè ẹ̀sìn ìyá. Wọ́n wo ara wọn.

"Ọlọ́ṣun ni màmá, sà," ni Alhaja wí.

Mo kọ orúkọ ìyá àti ọjọ́ orí rẹ̀, mo fi àyè sílẹ̀ níbi tí orúkọ ètò yẹ kó wà, mo na bírò sí wọn.